Ohun tí 26 ń Sọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ sí abẹ́ "Ìgbéléwọ̀n" nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi: "Olùkọ́ yóò bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n ti kọ́." Bí ẹ̀kọ́ ìṣirò ni o, bí ẹ̀kọ́ nípa àṣà ni o, gbólóhùn náà kì í yí padà. Ọ̀gá mi a fọwọ́ sí i, èmi náà a pa ìwé dé, ọkàn mi a sì balẹ̀. Ìlú Ìkirè ni mo wà kí n tó mọ̀ pé òfìfo ni gbólóhùn yẹn. Ọmọdébìnrin kan tí ń kiri dòdò ni ó là mí lójú.

Ìyọkúrò ni mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo kọ 52 − 38 sí ojú pátákó. Mo ṣàlàyé pé a kò lè yọ 8 kúrò nínú 2, nítorí náà a ó yá mẹ́wàá kan lọ́dọ̀ 5. 2 yóò di 12, 5 yóò sì di 4. Mo ṣe àpẹẹrẹ mẹ́rin. Mo wá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì pariwo pọ̀: "Ó yé wa, sà!" Mo gbà wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì mo fún wọn ní ìdánwò, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí ó fìdí rẹmi. Mo fi bírò pupa kọ òdo, mo kó máàkì sínú ìwé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ Ajé, mo bọ́ sórí ìsọdipúpọ̀. Iṣẹ́ sáà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọmọdébìnrin tí mo ń wí yìí wà lára àwọn tí ó gba òdo. 26 ni ó kọ sí ibi tí ó yẹ kí 14 wà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe ìyókù. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, mo rò pé orí ọmọ yìí kò gba ìwé. Bí sáà yìí bá ti parí, kí ó kúkú dúró ti ọjà." N kò rí èsì fọ̀. Ìwé tí èmi fúnra mi fi bírò pupa kùn ni ẹ̀rí tí ó mú dání.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ti gba Ìkirè kọjá yóò mọ dòdò ìlú náà. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dín, bí kò ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rọ̀, tí a pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí a dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú, kí a tó fi ewé dì í. Ọmọ yìí ni ó gbé tirẹ̀ wá sí ẹnu fèrèsé ọkọ̀. Mo ra dòdò àti ẹ̀pà, owó rẹ̀ jẹ́ 380 náírà. Mo sì na 1,000 náírà sí i. Kò wòkè, kò ka ìka. Ó kọ́kọ́ fi ogún náírà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó di irínwó." Ó fi ẹgbẹ̀ta lé e, ó ní, "Ó di ẹgbẹ̀rún, sà." Ọmọ tí mo fún ní òdo nínú ìyọkúrò ti ṣe ìyọkúrò tán kí n tó ṣẹ́jú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tún ìwé ìdánwò wọn kó jáde. Mo ti máàkì wọn, ṣùgbọ́n n kò tí ì kà wọ́n. Àwọn tí ó kọ 26 yọ 2 kúrò nínú 8, wọ́n ní ó ku 6. Wọ́n yọ 3 kúrò nínú 5, wọ́n ní ó ku 2. Lójú wọn, ńlá ni a ń yọ kékeré kúrò nínú rẹ̀, ibi yòówù tí ńlá ìbáà wà. Àwọn mìíràn kọ 24. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé a ń yá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé ẹni tí ó yáni lówó, owó ọwọ́ tirẹ̀ ti dín. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èmi sì fi òdo kan náà wo méjèèjì.

Ohun tí ojú mi rí kì í ṣe ti Ìkirè nìkan. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Brazil. Nínú ìṣirò tí wọ́n bi àwọn ọmọ náà nídìí ọjà, wọ́n gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a sọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ di nọ́ńbà lásán fún wọn, wọ́n gba nǹkan bí 37. Orí kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Ọ̀nà tí a gbà béèrè ni ó yàtọ̀.

Ní 1967 ni Michael Scriven pín ìgbéléwọ̀n sí méjì nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa ètò ẹ̀kọ́. Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì mú èrò náà wọ inú kíláàsì. Ọ̀kan ni a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí a lè tún un ṣe. Èkejì ni a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ti parí, kí a lè dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi dòdò ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ náà bá tọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípò wò kí ó tó dà á sínú epo, iyọ̀ ṣì lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí èrò ọkọ̀ bá tọ́ ọ wò ní Ìbàdàn, ẹjọ́ ti parí. Láti ìgbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti jáde ní 1977 ni ó ti ní kí olùkọ́ máa gbé ọmọ yẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Ṣùgbọ́n bí èmi ṣe ń ṣe é, máàkì ni mo ń kó jọ. Ìdánwò kéékèèké mẹ́ta ní sáà kan, èrò ọkọ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn ni.

Àwọn àgbà ní igi gọ́gọ́rọ́ má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Mo pa gbólóhùn àtijọ́ rẹ́, mo sì jókòó láti tún ẹ̀kọ́ ìyọkúrò ṣètò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n lẹ́nu kò lè tú àṣírí kankan. Mo máa ń bi wọ́n ní 58 − 32. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá yóò jọ dáhùn 26. Ìbéèrè tí ọlọ́gbọ́n àti aláìmọ̀ bá jọ gbà, kò wọn nǹkan kan.

Mo wá yan 63 − 27. Mo kọ ìdáhùn mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, àti ohun tí n ó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kọ 44 ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá: n ó fún un ní igi ìgbálẹ̀ tí a dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdì mẹ́fà àti ẹyọ mẹ́ta, n ó ní kí ó fún mi ní ẹyọ méje. Kò ní rí i ṣe àfi bí ó bá tú ìdì kan. Ẹni tí ó bá kọ 46 gbàgbé ìdì tí ó tú: n ó ní kí ó ka iye ìdì tí ó kù. Ẹni tí ó bá kọ 36, n ó ní kí ó ṣe ìṣirò tí ó rò pé yóò ṣi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àárín ẹ̀kọ́ ni n ó béèrè, kì í ṣe nígbà tí aago bá ń lù. Pé oníkálukú yóò kọ ìdáhùn sórí pépà, wọn yóò sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ariwo "Ó yé wa, sà" má baà bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Pé bí mo bá rí 44 níwájú ọmọ mẹ́jọ, n kò ní tẹ̀ síwájú.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí n kò kọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé pépà sókè, 36 ni ó wà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin náà, kò sì sí àmì yíyá kankan níbẹ̀. Mo bi í bí ó ti ṣe é. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Sà, mo ṣe é bíi ti ọjà ni." Mo ní kí ó sọ ọ́. Ó ní, "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ku mẹ́ta kí ó di ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n sí ọgọ́ta, ọgbọ̀n ni. Ó tún ku mẹ́ta. Ó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì." Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Orúkọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ̀nà: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n tí ó dín mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń pè é láti ọjọ́ yìí wá, "twenty-seven", mo sì fi ilẹ̀kùn tí ọmọ náà ì bá gbà wọlé sílẹ̀ ní títì.

Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí Ìkirè. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Mo ti ka ìtàn yìí fún ìdánwò nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo sì yege. N kò mọ̀ pé kíláàsì mi ni ó ń bá wí.

N kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ yanjú. Nígbà tí a dé 500 − 238 nínú ìwé, òdo méjì yẹn dà á láàmú, ó sì tún ṣì í. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ó ti ṣì í, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí agbada, mo sọ fún un pé èmi ni n kò mọ ìwé ọmọ rẹ̀ kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu dòdò fún mi. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, ọmọ náà padà wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó wọ kíláàsì lọ́la, ẹ kọ ìbéèrè kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ àṣìṣe tí ẹ ń retí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má yára pa ìdáhùn tí kò tọ̀nà rẹ́. Ẹ fi han olùkọ́ yín bí ẹ ti dé ibẹ̀.