Wáráńtì Orí Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣòwò ní Cow Lane, ní Accra, kí ẹ tó fi owó wáráńtì kún owó tòkúnbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí kò bò. Táyà, bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì kì í sábà sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń tètè jẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ńkọ́? Ta ni yóò sanwó, ta ni yóò sì tún un ṣe?

Ní tèmi, màá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ṣáásì wádìí ìtàn ọkọ̀. 17 ni létà àti nọ́ńbà rẹ̀ lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1981. Màá mú mẹkáníìkì tí mo fọkàn tán dání. Owó wáráńtì yẹn, màá tọ́jú rẹ̀ de àtúnṣe. Abossey Okai ò jìnnà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.