Ìdérí Bírò Nínú Ilé Ìdáná Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ Físíìsì gbé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan sókè lójú wa. Ó ní ẹsẹ̀ òkè gùn ju méjì ìyókù lọ nítorí pé òun ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ wọlé: òun ni ó ń ṣí ìdènà kékeré inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ó sì ń darí iná tí ó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì rẹ̀ pé.

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, púlọ́ọ̀gì kẹ́tùlù onírin ìyá mi jóná ní ilé wa ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Èmi, ọmọ sáyẹ́ǹsì, ni mo tún un ṣe. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo rí rà, nítorí náà mo gé wáyà kẹta dànù, mo sì fi ìdérí bírò ti ìdènà inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó lè wọlé. Kẹ́tùlù ṣiṣẹ́, wọ́n yìn mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi fi ọwọ́ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ di kẹ́tùlù náà mú, ọwọ́ wọn kò sì lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ fà wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi kígbe pé, “Má fọwọ́ kàn wọ́n!” Ó sáré pa iná gbogbo ilé níbi mítà. Ìgbà náà ni ọwọ́ wọn tó tú.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n bi mí pé, “Ṣé wọn kò kọ́ yín ní èyí ní ilé ẹ̀kọ́ ni?”

Mo ní, “Wọ́n kọ́ wa, mà.”

Títí di òní, ìdáhùn yẹn ń dùn mí ju ìbéèrè náà lọ.

Oníná tí a pè gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà sí ibi ìfọwọ́, ó ri irin mọ́lẹ̀ fún wáyà kẹta, ó sì fi ohun èlò kan sí i tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí ìwọ̀n ámpù 0.03 péré bá ṣìnà. Ó ṣàlàyé pé kẹ́tùlù oníwáàtì 2,000 nìkan ń fa nǹkan bí ámpù 9, ámpù 13 sì ni púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lè gbé. Nítorí náà, kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ jọ wà lórí ẹ̀síténṣọ̀n kan.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ jókòó sórí àga tí a fi sílẹ̀, bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọjọ́ orí ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ ṣe mí ní oore kan. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wọ ilé ìdáná ìyá yín, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdérí bírò, ẹ pa iná, kí ẹ sì pe oníná tí ó mọṣẹ́. Máàkì tí mo gbà kò dáàbò bo ìyá mi; Ọlọ́run àti ẹ̀gbọ́n mi ni.