"Mi Ò Gbà" Náà Nílò Àlàyé

Ẹni tó bá ń lo fóònù mọ àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí. Àwa ọmọ Ajue tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ohun tó wà lókè rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Lórí fóònù, ìyẹn lè máà pa èèyàn lára. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí ẹ̀sìn aláìsàn sì sọ pé kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì?

Ilé ẹjọ́ ti dá irú rẹ̀ rí nílẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, dé ọsibítù Dókítà Okonkwo. Níbi tó ti kọ́kọ́ gba ìtọ́jú, wọ́n ní àfi kó gba ẹ̀jẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ̀. Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, obìnrin náà kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá Okonkwo lẹ́bi, wọ́n ní kó dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́fà. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó jàre. Ní 2001, Adájọ́ Emmanuel Ayoola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà dá a láre: àgbàlagbà tí làákàyè rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ní 1997, l'Ékòó, ìyá kan kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù kan lára. Májísíréètì pàṣẹ pé kí wọ́n fà á; ara ọmọ yá. Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní àṣẹ yẹn tọ́. Ìyá lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ẹ̀sìn, kò lè fi ti ọmọ ṣe é.

A fara mọ́ ìdájọ́ méjèèjì. Àmọ́ "mi ò gbà" tí kò yé ẹni tó sọ ọ́, ṣé ìpinnu nìyẹn? Òfin Ìlera ọdún 2014, abala 23, ní kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ fún aláìsàn irú ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, pé ó lè kọ̀ ọ́, àti ohun tí kíkọ̀ lè fà. Ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ lédè tó yé e.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Láti Ajue dé Ore, Òǹdó, Ìkálẹ̀, Ìgbò àti Urhobo ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ "transfusion" tí màmá àgbẹ̀ kan sì mi orí, kí ló kọ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, àbí owó tó rò pé wọ́n fẹ́ gbà? Ṣé òun ló kọ̀, àbí pásítọ̀ tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì?

Ẹ lè sọ pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, àyè àlàyé dà? Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé nígbà tí aláboyún bá wá forúkọ sílẹ̀. Kí wọ́n bi í ní òun nìkan, lédè rẹ̀: tí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù, kí la lè ṣe, kí ni a kò gbọdọ̀ ṣe? Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tilẹ̀ ń mú káàdì kiri tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Àwa yòókù kò ní nǹkan kan.

Bí wọ́n bá sì ní kí àwa kọ ètò tí ọsibítù yóò fi gba ìdáhùn yẹn sílẹ̀, a ò ní fi àpótí "Mo gbà" síbẹ̀. Àyè gbayawu la máa fi sílẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí aláìsàn sọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n kà á padà fún un, kó tó di pé ẹnikẹ́ni buwọ́ lù ú.