Òkú Ọkọ̀ Àbí Iyùn? Ọmọ Awo Mòòkùn ní Grenada

Ère Jésù kan wà létí omi ní Carenage, èbúté àárín ìlú St George's tó jẹ́ olú-ìlú Grenada. Ó na apá méjèèjì sókè, ó gbójú sí ọ̀run. Kì í ṣe ìjọ kankan ló gbé e síbẹ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Costa ti orílẹ̀-èdè Ítálì ló fi ta ará ìlú lọ́rẹ, nítorí oore tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 1961.

Lọ́jọ́ 22 oṣù náà, Bianca C, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá tó kó nǹkan bí 700 èèyàn, dákọ̀ró sí iwájú ìlú. Láàárọ̀ kùtù, nǹkan kan bú gbàmù nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, iná sì ràn. Apẹja, oníṣòwò, ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré àti ẹni tó yá ti ẹlòmíì, gbogbo wọn tú sójú omi, wọ́n ń kó èrò bọ̀ wá sí èbúté. Wọ́n gbà wọ́n sílé, wọ́n fún wọn láṣọ, wọ́n bọ́ wọn. Àfi ẹni bíi mélòó kan tí iná pa, gbogbo èrò ọkọ̀ náà ló yè é. Ọkọ̀ ogun ìlú Ọba kan, Londonderry, so ọkọ̀ tó ń jó náà mọ́dìí, ó ń wọ́ ọ lọ kó má baà dí ẹnu èbúté. Wọn ò tíì wọ́ ọ débì kan tó fi rì lọ́jọ́ 24. Ó gùn tó 180 mítà, orí iyanrìn ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó 50 mítà ló sì jókòó sí títí dòní.

Kò sí amòòkùn tó máa dé Grenada tí kò ní í gbọ́ orúkọ ọkọ̀ yìí kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Òun náà ló sì máa ń dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àlejò: ṣé òkú ọkọ̀ ló yẹ kéèyàn náwó lé lórí ni, àbí iyùn?

Awo tí mo ti gbéra ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹdọrẹ, kò jìnnà sí Ẹdẹ àti Òṣogbo. Òkun ò sí nítòsí wa. Omi tá a mọ̀ ni Erinlẹ̀, odò tí wọ́n sé dámù sí láti fún Ẹdẹ àti Òṣogbo lómi mu. Àwọn àgbà ní Erinlẹ̀, ọdẹ tó di òrìṣà, kì í gbé ojú omi. Inú ibú ni ilé rẹ̀, ibú kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ irú ìtàn yìí dàgbà ò ní í rò pé kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ omi. Síbẹ̀, nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ń lọ mòòkùn ní erékùṣù kan ní Kàríbíánì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ sínú òkun tó o ń lọ wá?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ ò ní ìtàn púpọ̀: mọ́tò láti Awo gba Ìbàdàn dé Èkó, bàálù dé Lọ́ńdọ̀nù, bàálù mìíràn sọdá Àtìláńtíìkì. Pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n fi sọrí Maurice Bishop, olórí ìjọba tí wọ́n yìnbọn pa lọ́dún 1983, ló ń gba àlejò. Ẹni tó bá rò pé ìlú àjèjì pátápátá lòun dé yóò tètè yí èrò padà nígbà tó bá rí igi gbẹ̀rẹ̀fùtù, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀ ń jẹ́ oil down: wọ́n á kó gbẹ̀rẹ̀fùtù, ẹran oníyọ̀ àti ewébẹ̀ sínú ìkòkò kan náà, wọ́n á fi wàrà àgbọn sè é títí omi á fi gbẹ tán.

Oúnjẹ kọ́ ló gbà mí lọ́kàn jù lórí ilẹ̀. Lọ́dún 1849, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ oko ní Grenada, Ìjẹ̀ṣà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí àwọn abúlé bíi Munich àti Concord. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀sìn Ṣàngó tó wà ní erékùṣù náà ti ṣẹ̀, Ṣàngó kan náà tí ará Ẹdẹ ń ṣọdún rẹ̀. Láti Awo sí Iléṣà, èèyàn á lọ, á sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn yìí lọ, wọn ò bọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn amòòkùn tó wà létí òkun Grand Anse, ọ̀gá tó máa mú wa wọ omi ò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ rí. Ìwé ẹ̀rí ló ní kí n mú wá. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bianca C kì í ṣe tèmi.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá 18 mítà. Tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ kejì, ó lè dé 30. Mítà 40 ni òpin fún ẹnikẹ́ni tó bá ń mòòkùn fún ìgbafẹ́, ọ̀pọ̀ ibi tó wuni wò lára Bianca C sì ti kọjá 30. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìgbéraga. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá téèyàn bá lọ sísàlẹ̀, bí omi ṣe ń tẹ ara ń le sí i. Tó bá fi máa dé 30 mítà, èémí kan ti ń jẹ afẹ́fẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ń jẹ lójú omi, sìlíńdà á sì tètè gbẹ. Naitirójìn inú afẹ́fẹ́ náà tún ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní ibi jíjìn, ó máa ń pa èèyàn lọ́tí, á wá máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti máa ṣọ́ra. Ẹni tó bá sì sáré gòkè, naitirójìn á hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìgò mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Ó lè sọ èèyàn di arọ, ó sì lè pa á.

Inú òkú ọkọ̀ tún léwu ju ìta lọ, torí òrùlé wà lórí ẹni. Níbi iyùn, ẹni tí ẹ̀rù bà lè rọra gòkè. Nínú ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn.

Nàìjíríà ní ìtàn tirẹ̀ lórí èyí. Lọ́jọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìgbì òkun dojú ọkọ̀ Jascon-4 dé nítòsí Escravos, níbi tó ti ń bá ọkọ̀ epo ṣiṣẹ́. Èèyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene tó jẹ́ alásè wọn wà ní ilé ìtọ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan dorí kodò. Ó rí igun kan tí afẹ́fẹ́ há sí, ibẹ̀ ló sì wà nínú òkùnkùn biribiri, ní nǹkan bí 30 mítà sísàlẹ̀, fún nǹkan bí 60 wákàtí. Òkú làwọn amòòkùn tó wọlé wá fẹ́ kó. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan, ó rò pé ti òkú ni, àfi bí ọwọ́ náà ṣe di tirẹ̀ mú! Wọn ò lè gbé Okene bọ́ sínú afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Inú àgbá onírin kan tí wọ́n ti ń rọra tú naitirójìn kúrò lára ló wà fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ. Òun nìkan ló yè. Nígbà tó yá, ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn. Ọ̀gá ará Grenada yìí ti wo fídíò ìdáǹdè náà. Ó ní òun náà ò mọ irú ọkàn tí ọkùnrin yẹn ní.

Molinere ni wọ́n wá gbé mi lọ. Omi ibẹ̀ ò jìn, kò tó mítà mẹ́wàá, ọkọ̀ kékeré sì ń dé ibẹ̀ kíákíá láti Grand Anse. Mo tutọ́ sínú awò ojú, mo fi omi òkun ṣàn án kó má baà ṣú, mo fi ẹ̀yìn ṣubú sínú omi. Bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni etí ń dùn mí. Mo di imú mú, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí etí fi ké pọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú mi wá ríran.

Àwọn ọmọdé dúró yí ká lórí iyanrìn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n. Jason deCaires Taylor, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ère bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ omi níbẹ̀ lọ́dún 2006, lẹ́yìn tí ìjì Ivan ti ọdún 2004 ba Grenada jẹ́ lórí ilẹ̀ àti nínú òkun. Ara àwọn ọmọ ìlú náà ló ti mú àwòṣe ojú wọn. Ó fẹ́ kí iyùn rí ibi dì mú, kí èrò sì yéé da ìdààmú bo iyùn àtilẹ̀wá. Nígbà tí mo sún mọ́ ọmọ kan, kànrìnkàn pupa ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, ẹja kékeré kan sì ń yọjú lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn tí wọ́n jù sómi láti inú ọkọ̀ ẹrú ni àwọn ère náà dúró fún. Taylor ní kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn. Mo gbà fún un. Àmọ́ ẹni tó mọ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe dé Munich ò lè rí wọn kó má ronú kàn án.

Láti ibẹ̀ a lọ síbi iyùn gan-an ní Flamingo Bay. Iyùn tí ọba ń wọ̀ sọ́rùn ti kú. Èyí tó wà níbí ń mí, ó ń jẹun, ó ń bímọ. Òmíràn rí roboto bí ọpọlọ, òmíràn na ara bí abẹ̀bẹ̀. Etí mi gbọ́ bí ẹja parrotfish ṣe ń rún un ní rámú-rámú. Ìgbẹ́ ẹja yẹn ló sì ń di púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí àlejò ń sùn lé létí òkun. Ẹja lionfish náà wà níbẹ̀, arẹwà tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, kò ní ọ̀tá níbẹ̀, ó sì ń jẹ ọmọ ẹja run, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún un pa jẹ. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó náà wà: àwọn iyùn kan ti funfun báláú. Lọ́dún 2023, òkun Kàríbíánì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bí ooru bá sì ti pọ̀ jù, iyùn máa ń lé ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tó ń fún un ní àwọ̀ àti oúnjẹ jáde. Bí ooru ò bá tètè rọlẹ̀, ebi á pa á kú.

Kí n tó kúrò, wọ́n jẹ́ kí n wo òkú ọkọ̀ tó bá ìwé ẹ̀rí mi mu. Veronica L, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, jókòó sí nǹkan bí 15 mítà. Mo ń wá irin, mi ò fẹ́ẹ̀ rí i. Iyùn àti kànrìnkàn ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹja sì kún ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Shakem, tó rì lọ́dún 2001 pẹ̀lú sìmẹ́ńtì nínú, wà níbi tó jìn tó 30 mítà. Àwọn àpò sìmẹ́ńtì náà ti di òkúta níbi tí wọ́n tò wọ́n sí. Ìyẹn náà kì í ṣe tèmi.

Kì í sì ṣe gbogbo òkú ọkọ̀ ni ibi ìgbafẹ́. Ọkọ̀ ẹrú Clotilda gbé 110 èèyàn láti Ouidah lọ sí Alabama lọ́dún 1860, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Balógun ọkọ̀ náà dáná sun ún kí àṣírí má baà tú. Inú ẹrẹ̀ odò Mobile ni wọ́n ti dá a mọ̀ lọ́dún 2019, níbi tí omi dú tó bẹ́ẹ̀ tí amòòkùn fi ń fọwọ́ táràrà ṣiṣẹ́.

Ní tèmi, iyùn ló yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kọ́kọ́ yàn, kó wá fi Veronica L tẹ̀ lé e. Kó fi Bianca C sílẹ̀ títí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò fi tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ odò wíwẹ̀ dáadáa nílé kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kan iyùn, bẹ́ ẹ bá sì ti mòòkùn léraléra, ẹ jẹ́ kí ó pé wákàtí 18 ó kéré tán kí ẹ tó wọ bàálù padà sílé.