Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Òwe yìí ni ó wá sí ọkàn Màmá àgbà kan, oníṣòwò aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wà nígbà náà, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kan tí kò ní ọgbà, tí kò ní agogo, tí kò sì ní igi kan ṣoṣo tí ọmọ lè ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni ilé-ìwé náà wà.

Kì í ṣe fáàrí ni ó gbé wọn débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọkùnrin náà, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì ń bá a jà. Bí òtútù bá ti mú, egungun a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, wọn a sì sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ọjọ́ tí kò lè lọ sí ilé-ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kọ́ fi ń fi í sílẹ̀. Baba rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọn kò ní owó olùkọ́ àdáni. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ pé ilé-ìwé ìjọba kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a kì í san owó wọlé rẹ̀.

Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Láti ọdún 1997 ni ìpínlẹ̀ Florida ti dá Florida Virtual School sílẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Owó-orí ará ìlú ni a fi ń gbé wọn ró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi gbé ilé-ìwé tí ó ní ọgbà ró. Nítorí náà ni òbí fi gbọ́dọ̀ fi hàn pé inú ìpínlẹ̀ náà ni òun ń gbé. Ìyá ọmọ náà fi tẹlifóònù ya àwòrán ìwé ìbí rẹ̀, ìwé owó iná, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ìwé àbájáde ìdánwò rẹ̀ ti ọdún àná, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí àpótí kan fi dé ẹnu ọ̀nà wọn: ìwé wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà àyálò sì wà nínú rẹ̀. Wọn kò san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà: àgbàlagbà wo ni yóò máa jókòó ti ọmọ yìí lójoojúmọ́? Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ.

Màmá ní, “Kọ orúkọ mi síbẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ dáhùn pé, “Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Ìsọ̀ yín ńkọ́?”

“Ọmọ-iṣẹ́ mi wà níbẹ̀. Aṣọ lè dúró dè mí. Ọmọ tí ń dàgbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.”

Màmá mọ ohun tí ó ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955, wọ́n di 811,432. Màmá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Baba rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó, kò san owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ì bá máa bá a kó kòkó nínú oko ni ó yọ̀ǹda fún ìjọba. Láti ìgbà náà ni Màmá ti mọ̀ pé ohun tí a bá pè ní ọ̀fẹ́, ẹnìkan ń san owó rẹ̀ níbìkan.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀, olùkọ́ a yọ lójú kọ̀ǹpútà, orí àwọn ọmọ a sì tò yí i ká bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn èyí, ọmọ a máa dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, Màmá a sì fi àmì sí i pé ó wá. Bí ọmọ bá ti parí iṣẹ́ kan, àmì àwọ̀ ewé a hàn. Àmì náà ń pọ̀ sí i, inú Màmá sì ń dùn.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, Màmá bi í léèrè pé, “Àkànní, kí ni ìtàn tí o kà lónìí dá lé lórí?”

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. N kò kà á. Bí mo bá tẹ ìdáhùn tí kò tọ̀nà, ó máa ń jẹ́ kí n tún tẹ òmíràn.”

Màmá dákẹ́. Òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ náà yára jù létí rẹ̀, ojú sì ń tì í láti béèrè. Kọ̀ǹpútà ni ó ti ń jókòó tì láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ọmọ.

Láti ọjọ́ kejì, òfin tuntun dé. Bí ẹ̀kọ́ kan bá ti parí, wọn a pa kọ̀ǹpútà dé, ọmọ a sì rò ó fún Màmá ní èdè Yorùbá. Yorùbá ọmọ náà ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Nígbà tí wọ́n dé orí ìdá nínú ìṣirò, Màmá gbé ọsàn àti ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọmọ náà gé e sí mẹ́rin, ó gé òmíràn sí mẹ́jọ, ó sì pariwo pé, “Màmá, mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ìdámẹ́jọ kéré sí ìdámẹ́rin!” Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Màmá kò ka ìwé kan nípa rẹ̀. Ọsàn ni ó fi mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òtútù mú, àìsàn sì gbé ọmọ náà dè. Ó lo ọjọ́ mẹ́fà ní ilé-ìwòsàn. Kọ̀ǹpútà bá a lọ. Olùkọ́ sún ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ síwájú, ẹ̀kọ́ kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Níhìn-ín ni ilé-ìwé náà ti fi iyì rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wá sílé, ọmọ náà rí àwọn ọmọdé tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní, “Màmá, mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí ó ga jù mí lọ.” Màmá kò rí èsì fún un.

Ìdánwò ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun à-ń-ṣe-nílé. Ní oṣù kẹrin, wọ́n wakọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn kan, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì ti kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, èmi ni mo kúrú jù!” Ayọ̀ tí ó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti ọjọ́ tí èsì ìdánwò dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yege.

Ní oṣù kẹfà, Màmá padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Gbági. Kí ó tó lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fi òru mẹ́ta sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó lè jókòó sórí àga tí Màmá dìde kúrò lórí rẹ̀. Owó tí ó dín nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìjọba lè san owó ìwé, ó lè san owó olùkọ́, ó sì lè yá ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ohun rere ni, kí a má tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa wo ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Bí àga ibẹ̀ bá ṣófo, àmì àwọ̀ ewé lásán ni ọmọ yóò máa kó jọ.