LÁTI ÌBÓGÙN DÉ Ọ̀TÀ: OWÓ ILÉ-ÌWÉ LÓ SỌ ỌBÁSANJỌ́ DI ṢỌ́JÀ

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó lábẹ́ bíríjì Sango ní ìdájí, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Á bá àwọn ìyá aláta tí wọ́n ti tú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Á bá àwọn tó ń lẹ táyà, tí ẹ̀rọ wọn ti ń pariwo. Á bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sáré lọ sí ilé iṣẹ́ irin, ilé iṣẹ́ ike àti ilé iṣẹ́ oúnjẹ kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ wọn. Àwọn ọmọ onímọ́tò ń ké tantan: “Ọ̀tà! Ìdí-Ìrókò! Ifọ̀! Abẹ́òkúta! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”

Oríta ni Sango. Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀, tó yà sí ọwọ́ òsì, ìlú Ọ̀tà ló ń lọ yẹn, ìlú àwọn Àwórì, ìlú Ọlọ́tà. Ibẹ̀ ni oko Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà. Ẹni tí kò bá yà, tó gba títì Abẹ́òkúta lọ tààrà, yóò dé Ifọ̀. Láti Ifọ̀ ni wọ́n ti ń yà lọ sí Ìbógùn Oláògùn, abúlé tí wọ́n bí Ọbásanjọ́ yìí kan náà sí. Ibi tí wọ́n bí i sí àti ibi tó fẹ̀yìn tì sí kò jìnnà síra wọn rárá. Ẹni tó bá tètè jí lè dé méjèèjì kó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà láti Ìbógùn kó tó dé Ọ̀tà! Ó gba Ghana, ó gba ìlú Òyìnbó, ó gba Kóńgò, ó gba Íńdíà, ó gba ojú ogun tí ìbọn ti ń ró gbàù-gbàù. Kí ló lé e débẹ̀? Àwọn kan rò pé ìfẹ́ ìbọn ni. Rárá o. Owó ilé-ìwé ni.

ỌMỌ MẸ́SÀN-ÁN, MÉJÌ LÓ KÙ

Abúlé àgbẹ̀ ni Ìbógùn nígbà náà, àwọn ọmọ Òwu ló sì ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta 1937 ni ìwé sọ pé wọ́n bí Ọbásanjọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò mọ ọjọ́ náà gan-an. Ta ni ìbá kọ ọ́ sílẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n kórè iṣu tàbí ọdún tí òjò pọ̀ ni àwọn òbí fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀, Bernice Àṣàbí, bí fún bàbá rẹ̀, Amos. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Ṣẹ́gun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni kò kú ní kékeré. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ ò nílò àlàyé. Obìnrin tó ti sin méje, ojú wo ni yóò fi máa wo méjì tó ṣẹ́kù?

Onítẹ̀bọmi ni wọ́n. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mókè ni bàbá, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, nǹkan dojú rú fún un, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ìyá ló kù sídìí ẹrù, tó ń ṣòwò kí ọmọ lè jẹun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì lábẹ́ bíríjì Sango. Mélòó nínú àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀ ló jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ orí wọn nìkan ni ọmọ ń wò?

ÓKO KÓKÓ, IGI ÌDÁNÁ, IYANRÌN

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ṣẹ́gun kó tó wọ ilé-ìwé ní abúlé náà ní 1948. Lóde òní, ọmọ tó bá tó bẹ́ẹ̀ ti ń múra àtiwọ ilé-ìwé girama. Ní 1951, ó lọ sí ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ní Òwu, Abẹ́òkúta. Ní 1952, ó wọ Baptist Boys’ High School, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923, èyí tí M.K.O. Abíọ́lá náà lọ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1955, ọmọ Ìbógùn yìí ti kúrò ní ìpele tí yóò fi jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìjọba ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ nínú owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ìyókù di ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ nínú oko kókó àti oko obì. Ó pẹja. Ó ṣẹ́ igi ìdáná. Ó wa iyanrìn tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ gba ọlidé nílé, òun a dúró sínú ọgbà ilé-ìwé, a máa gé koríko. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra iyanrìn, ẹ má fojú di ọmọ tó ń gbé e wá fún yín o. Ẹ ò mọ ẹni tí yóò dà.

Ní 1956 tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, owó ìdánwò kò sí. Ó yá a ni. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó di tísà ní Ìbàdàn. Níbẹ̀, ó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì Ìbàdàn, ó sì yege. Ọmọ Ìbógùn yege! Ṣùgbọ́n orí tó mọ̀wé kò lè san owó. Kò rí owó náà san, ilẹ̀kùn sì tì.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù ú. Ní 1958, ó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ológun ń wá ọ̀dọ́ tí wọn yóò kọ́ ṣe ọ̀gá ṣọ́jà. Ó rò ó wò: wọn yóò kọ́ òun ní iṣẹ́, wọn yóò tún máa san owó oṣù fún òun. Ó wọlé ní oṣù kẹta ọdún náà. Kò sọ fún àwọn òbí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó mọ̀ pé wọn kò ní gbà. Láyé ìgbà yẹn, ta ló fẹ́ kí ọmọ òun ṣe ṣọ́jà? Ká má tíì sọ ti obìnrin tó ti sin méje.

ÌYÁ KÒ RÍ I

Wọ́n kó o lọ sí Teshie ní Ghana. Ní oṣù kẹsàn-án 1958, wọ́n tún mú un lọ sí Mons ní Aldershot, nílùú Òyìnbó, fún oṣù mẹ́fà. Òtútù mú un, ojú tí àwọn Òyìnbó fi ń wo ọmọ aláwọ̀ dúdú kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi irawọ̀ sí èjìká rẹ̀.

Níbẹ̀ náà ló wà ní 1958 tí ìyá rẹ̀ fi kú. Bàbá náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan. Nígbà tí ọmọ padà dé ní 1959 nínú aṣọ ọ̀gá ṣọ́jà, tí wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná, ẹni tó ṣòwò bọ́ ọ kò sí mọ́ láti rí i. Gbogbo òkìkí tó tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀kan tó ṣojú Bernice Àṣàbí.

Ní 1960, wọ́n kó àwọn ṣọ́jà wa lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì bá wọn lọ. Ní oṣù kejì 1961, ó ń kó àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì kúrò ní ìtòsí Bukavu nígbà tí àwọn ṣọ́jà Kóńgò mú un. Wọ́n ti ń gbèrò àtipa á kí àṣẹ tó dé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí méjì ọmọ Àṣàbí di ẹyọ kan.

Lẹ́yìn Kóńgò ni ọwọ́ rẹ̀ wá tẹ ohun tó ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ẹ̀ka ẹnjiníà ológun. Ó kọ́ iṣẹ́ náà nílùú Òyìnbó, ó tún kọ́ ọ ní Íńdíà ní 1965. Oṣù kìíní 1966 ló padà dé, kété kí àwọn ṣọ́jà tó dìtẹ̀ gba ìjọba. Chukwuma Nzeogwu tó ṣáájú nínú ìdìtẹ̀ náà ní Kàdúná, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, apá Biafra ni Nzeogwu wà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù keje ọdún náà. Bí ogun abẹ́lé ti rí nìyẹn: ọ̀rẹ́ dúró lọ́tùn-ún, ọ̀rẹ́ dúró lósì.

Ní oṣù karùn-ún 1969, Ọbásanjọ́ gba ipò lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹta, Marine Commando, ní Port Harcourt. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló parí ìjà náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní 1970, Philip Effiong kéde pé Biafra ti túúbá, ọjọ́ kejì òun àti Ọbásanjọ́ sì fojú rinjú ní Amichi. Ogun parí, ṣùgbọ́n àìmọye ẹ̀mí ti bá a lọ, ebi ló sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì 1976, wọ́n pa Murtala Muhammed, Ọbásanjọ́ sì di olórí ìjọba. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 ló gbé ìjọba fún Shehu Shagari tí ará ìlú dìbò yàn. Òun wá gba Sango yà sí Ọ̀tà, ó di àgbẹ̀ aládìẹ.

ÀWỌN TÓ Ń YÌN ÍN, ÀWỌN TÓ Ń BÚ U

Bí èèyàn bá dá ọ̀rọ̀ Ọbásanjọ́ sílẹ̀ nínú dánfó Ọ̀tà, àríyànjiyàn ni yóò dà títí wọn yóò fi bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni tó ń yìn ín yóò ní òun ló wà lórí oyè ní oṣù kẹsàn-án 1976 tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá kó tó mọ A, B, D. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń bú u yóò dáhùn pé ìjọba rẹ̀ náà ló fi kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní 1978. Àwọn ọmọ bọ́ sójú títì ní oṣù kẹrin, wọ́n ń pariwo “Ali Must Go”, nítorí Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n yìnbọn, ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a lọ. Òótọ́ nìyẹn náà. Ọmọ tí àìlówó lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì wá di ọ̀gá tí àwọn ọmọ mìíràn ń bẹ̀ nítorí owó kan náà.

Lónìí, yunifásítì ti dé Ìbógùn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ti yunifásítì Olabisi Onabanjo wà lábúlé náà, níbi tí ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà ti ń ṣẹ́ igi ìdáná rí. Ní Ọ̀tà, yunifásítì Bells tí Ọbásanjọ́ dá sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti súnmọ́ ilé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ńkọ́?

Tí ilẹ̀ bá ṣú ní Sango, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wúwo, ẹ wò dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ ata. Ẹ ó rí ọmọ tó tẹ́ ìwé sórí itan, tó ń fi iná àtùpà ìyá rẹ̀ kàwé láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Ó ṣeé ṣe kí òun náà yege. Ìyá rẹ̀ ti ń ka náírà tó lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ ìró, ó ń kà á lẹ́ẹ̀kejì bóyá yóò pọ̀ sí i.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì mọ́ ọmọ Ìbógùn ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ta ló ń ṣọ́ ọ báyìí? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ tiyín wá.