Ìyálé àti Ìyàwó Tuntun

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ológbò ni mo mú wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eku ń jẹ àgbàdo wa, ológbò ìyá mi sì ti darúgbó. Mo gba ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kó wọn pọ̀, kí wọ́n jà á tán. Mo kọ̀. Ológbò tí a gbé àlejò kò lójú báyìí lè bínú kúrò nílé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá mi láti ìgbà tí bàbá ti kú.

Imú ni ológbò fi ń mọ ara wọn. Mo ti ọmọ náà mọ́ yàrá kan, pẹ̀lú omi àti ọpọ́n eérú tí yóò máa ṣu sí. Mo fi àkísà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ síbi tí àgbà ń sùn. Àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó kùn, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó sùn lé e. Nígbà náà ni mo ń gbé oúnjẹ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo ṣí i díẹ̀. Àgbà gbá a létí, kò yọ èékánná. Ìyẹn kì í ṣe ìjà. Bí irun bá dìde, tí etí lẹ̀ mọ́ orí, ẹ tún ilẹ̀kùn tì. Ẹ má fi ọwọ́ là wọ́n o!

Ìyá mi ń pè wọ́n ní ìyálé àti ìyàwó tuntun (kí Fàdá má gbọ́). Wọn kò tíì jẹun nínú àwo kan, n kò sì ní fi dandan mú wọn. Ìyàwó ń ṣọ́ àká. Ìyálé ṣì wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi.